MP3 nìkan kò tó fún rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì

Olóòtú wa,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn tó ń ṣe rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì létí. Bí olùgbọ́ bá ti ń ráhùn pé rédíò ń jẹ dátà, ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á fa MP3, ọ̀nà ìfúnpọ̀ ohùn tí wọ́n ń lò, wálẹ̀ láti kílóbíìtì 128 ní ìṣẹ́jú-àáyá sí 48. Lóòótọ́, dátà á dín kù láti nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 58 sí 22 ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n ohùn ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ tẹ́tí sí "s" àti "ṣ" lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀: á máa dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi.

HE-AAC, ọ̀nà ìfúnpọ̀ mìíràn tí wọ́n mú jáde lára AAC, ni 48 yẹn bá lára mu. Ìlàjì ìsàlẹ̀ ohùn ló ń kó ránṣẹ́. Àlàyé kékeré ló fi ń ṣojú fún ìró tó tín-ín-rín lókè, ẹ̀rọ olùgbọ́ á sì fi àlàyé náà tún un ṣe. Àmọ́ ẹ̀rọ tó bá mọ AAC àtijọ́ nìkan á gbé ìlàjì ìsàlẹ̀ jáde, ohùn á wá rí bí ẹni fi aṣọ bo ẹnu.

Opus, ọ̀nà ìfúnpọ̀ mìíràn, ti wà láti 2012, kò sì sí owó àṣẹ lórí rẹ̀. Kílóbíìtì 32 ní ìṣẹ́jú-àáyá tó fún ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ fún orin ní 64. Ẹ fi káàdì ohùn sí 48000 Hz, torí ìwọ̀n tó ń lò nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ rédíò íntánẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kò mọ Opus, kò ní dún rárá níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí MP3 128 wà lójú ọ̀nà kejì lórí Icecast, ètò tó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí olùgbọ́.

Ibi tó ń dùn wá jù rèé: ẹ má ṣe sọ MP3 di Opus tàbí AAC. Ohun tí MP3 bá ti gé sọnù, omi tó dànù ni, kò ṣeé kó mọ́. Èyí tó tún burú ni pé Opus á ka ìdọ̀tí tí MP3 fi sílẹ̀ sí ara orin, á sì ná bíìtì lé e lórí. Láti orí mísà, ẹ̀rọ tó ń po ohùn pọ̀, ni kí ohùn ti pín sí ọ̀nà méjèèjì, kí orin inú kọ̀ǹpútà sì jẹ́ FLAC tàbí WAV, tí kì í gé ohun kankan sọnù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ohùn ga ju -1 dB lọ lórí mítà, torí ìfúnpọ̀ lè tì í kọjá òdo tó jẹ́ òpin rẹ̀, ohùn á sì máa fọ́ létí olùgbọ́ nígbà tí mítà yín ṣì ń fi àwọ̀ ewé hàn.

Àwa òǹkàwé yín