Ẹ̀sùn lórí ìrìn-àjò wa sí Gashaka-Gumti

Ìbarà, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ 2, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ ìrìn-àjò,
Òkè-Ìlewó, Abẹ́òkúta.

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà.

Èmi ni ìyá tó san ₦900,000 fún ara mi àti ọmọ mi ọkùnrin, pé kí ẹ mú wa lọ sí ọgbà igbó Gashaka-Gumti ní apá ìpínlẹ̀ Taraba, lẹ́bàá ààlà Kamẹrúùnù. Ẹ ní a ó gun Chappal Waddi, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, tó lé ní 2,400 mítà. Ẹ ní a ó rin inú igbó orí òkè, níbi tí kùrukùru ti máa ń bo orí igi. A ò fojú kan igi kan níbẹ̀.

Ọjọ́ méjì gbáko la fi wà lórí títì ká tó dé Serti, ìlú tó wà lẹ́bàá ọgbà igbó náà. Lọ́jọ́ kẹta, a dé etí odò Gamgam. Omi náà pọ́n bí ẹní po yẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn, ó ń ru gùdù. Ẹ̀ṣọ́ igbó ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, omi já ọ̀pá gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mọ́tò máa ń gba inú odò yẹn kọjá, pé ta ló ní ká wá nínú oṣù Kẹjọ? Mi ò rí èsì fún un. Ọmọ iṣẹ́ yín ní ká di okùn mú, ká gbìyànjú. Mo kọ̀. Mi ò lè fi ọmọ ta tẹ́tẹ́.

Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti gbọ́ pé ìnàkí tí òyìnbó ń pè ní chimpanzee ṣì ń bẹ níbẹ̀, pé wọ́n ń tẹ ẹ̀ka igi ṣe ìtẹ́ sùn lálaalẹ́, kò sọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Ó ra ìwé kékeré tí yóò máa kọ ohun tó bá rí sí. Ọjọ́ àti orúkọ odò nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ fèsì lórí WhatsApp pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni òjò. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ yan ọjọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi akọ̀wé yín bóyá òjò ò ní dí wa lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló ní kò séwu, pé tòjò tẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń lọ.

Dẹ́rẹ́bà yín ṣe dáadáa, ilé tí a sùn sí ní Serti mọ́ tónítóní, nítorí náà mi ò béèrè gbogbo owó. ₦600,000 ni mo fẹ́ gbà padà, láàárín ọjọ́ 14, sínú àkáǹtì tí mo fi sanwó. Bí ẹ bá sì fẹ́ kúkú mú wa padà lọ nínú oṣù Kìíní láìgba kọ́bọ̀, mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ tẹ òǹtẹ̀ lé e.

Èmi ni oníbàárà yín,
Ìyá Àyìndé