Bí Gbòǹgbò Eyín Bá Lu, Ẹ Má Tíì Yọ Ọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, nítorí eyín tó yẹ kó pẹ́ lẹ́nu ni a ń yọ dànù. Nígbà tí dókítà bá ń fọ ihò inú gbòǹgbò eyín, iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí rúùtù kánààlì, irinṣẹ́ lè ṣèèṣì dá ògiri gbòǹgbò lu kó sì yọ sí egungun. Ohun tí aláìsàn sábà máa ń gbọ́ lẹ́yìn náà ni pé, “Eyín yìí ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́.” Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ kò ti rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Símẹ́ńtì kan wà tí a fi ń dí irú ihò bẹ́ẹ̀. MTA là ń pè é.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahmoud Torabinejad àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Loma Linda, ní California, ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1993. FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn àti ohun èlò ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i ní 1998. Nígbà tó di 2001, ilé iṣẹ́ Angelus ní ìlú Londrina, ní Brazil, gbé tirẹ̀ jáde. Nínú ìdá 100 ìyẹ̀fun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ìdá 75 jẹ́ símẹ́ńtì Portland, ẹbí kan náà pẹ̀lú èyí tí bíríkìlà ń pò. Ìdá 20 jẹ́ bismuth oxide, tó ń jẹ́ kó hàn ketekete lórí àwòrán ẹ́ksíréè. Gypsum ni ìdá 5 tó kù.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má torí èyí bu símẹ́ńtì àpò sí eyín o. Èyí tí a fi ń kọ́lé lè ní áséníìkì àti òjé nínú, kò kúnná tó, dókítà ò sì ní rí i dáadáa lórí àwòrán láti mọ̀ bóyá ihò dí tàbí kò dí.

Ohun tó mú MTA yàtọ̀ ni pé omi ló ń mú un le. Ọ̀pọ̀ ohun tí a fi ń dí eyín, bí ọ̀rinrin bá ti kàn án, ó parí. Tí èyí bá wà nínú ọ̀rinrin, ibẹ̀ gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pò ó, pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n kíkan; ohun tó bá ti ju 7 lọ kò kan) máa ń wà ní 10.2, á sì gòkè dé 12.5 lẹ́yìn wákàtí 3. Agbára kòkòrò kì í ká irú ibi bẹ́ẹ̀, kálísíọ̀mù tó ń tú jáde lára rẹ̀ sì ń ran ara lọ́wọ́ láti hu ohun líle yí i ká.

Ẹ̀yin dókítà eyín, ọjọ́ tí ihò náà ṣẹlẹ̀ gan-an ló dára jù láti dí i. Àmì rẹ̀ kì í fara sin: ẹ̀jẹ̀ á dédé máa sun, ẹ̀rọ tó ń wọn gígùn gbòǹgbò á sì ké pé irinṣẹ́ ti dé òpin nígbà tí kò tíì wọlé jìnnà. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń ya eyín sọ́tọ̀ kúrò lára itọ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ fi òwú tí a rẹ sínú omi iyọ̀ tẹ ojú ihò náà títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá. Ẹ má fi ipá tú sodium hypochlorite, omi apakòkòrò tó jẹ́ irú ti búlíìṣì, sí i; bó bá gba ojú ihò wọnú egungun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, ìrora rẹ̀ á sì pọ̀ gidigidi. Ẹ wá ojú ọ̀nà gbòǹgbò tòótọ́, kí ẹ fi nǹkan dí i kí símẹ́ńtì má baà wọ ibẹ̀. Tí ihò náà bá fẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tẹ́ collagen tàbí calcium sulfate, àwọn ohun tí ara máa ń yọ́ fúnra rẹ̀, sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí símẹ́ńtì má baà ya lọ sínú egungun.

Ìyẹ̀fun ìdá 3 sí omi ìdá 1 ni ìpò rẹ̀. Omi náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò ní kòkòrò kankan nínú. Ẹ pò ó lórí awo dígí títí tí á fi rí bí iyanrìn tútù. Ẹ gbé e díẹ̀díẹ̀, kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ títí tí á fi nípọn tó bíi mìlímítà 3. Ẹ fi òwú tútù lé e lórí, kí ẹ dí eyín náà fúngbà díẹ̀. Ó ń gbà tó wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 45 kó tó le, nítorí náà ọjọ́ mìíràn ni a ń parí iṣẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ fi irinṣẹ́ ṣóńṣó gún un wò. Bó bá ṣì rọ̀, ẹ kó o kúrò kí ẹ tún un ṣe.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà ń bàjẹ́ kò pọ̀. Bí omi bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò ní dúró lójú kan. Bí a bá fi sírínjì tú omi sí i kó tó le, ó lọ nìyẹn. Níbi tí ọyún bá wà, ibẹ̀ máa ń kan, kíkan yẹn kì í sì í jẹ́ kó le dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ fi calcium hydroxide, oògùn apakòkòrò inú eyín, sí i fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ìyẹ̀fun náà fúnra rẹ̀ ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, nítorí náà àpò tí a ti ṣí tí a kò sì dé pinpin ní àkókò òjò máa ń bàjẹ́ kó tó kan aláìsàn kejì. Ní ti eyín iwájú, bismuth máa ń mú eyín dúdú, pàápàá bó bá kan omi hypochlorite. Níbẹ̀, Biodentine, símẹ́ńtì eyín mìíràn láti ilé iṣẹ́ Septodont ti ilẹ̀ Faransé, sàn jù, nítorí zirconium oxide ló wà nínú tirẹ̀ dípò bismuth. Ẹ kán ẹ̀kán omi rẹ̀ 5 sínú kápúsù ìyẹ̀fun rẹ̀, kí ẹ̀rọ gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú àáyá 30, á sì le láàárín bíi ìṣẹ́jú 12.

MTA kan náà wúlò fún ọmọ ọdún 8 tó ṣubú, tí ẹran inú eyín iwájú rẹ̀ sì kú. Ìdí gbòǹgbò ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣì ṣí gbayawu. Tẹ́lẹ̀, calcium hydroxide ni a máa ń kó síbẹ̀, tí a ó máa pààrọ̀ rẹ̀ fún oṣù 6 sí 18, bó bá sì pẹ́ jù níbẹ̀, gbòǹgbò á di ẹlẹgẹ́. Tí a bá tẹ MTA tó nípọn tó mìlímítà 4 sí ìdí rẹ̀, ìjókòó kan tàbí méjì ti tó.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ sọ fún aláìsàn lọ́jọ́ náà gan-an pé gbòǹgbò lu, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú fáìlì. Bí ẹ ò bá ní símẹ́ńtì yìí lọ́wọ́, ẹ dí eyín náà fúngbà díẹ̀, kí ẹ tètè fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹ̀ka eyín ní UCH Ìbàdàn, LUTH Ìdí-Àràbà tàbí ilé ìwòsàn OAU ní Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ni eyín, kí ẹ tó gbà kí wọ́n yọ ọ́, ẹ bi dókítà ní ibi tí ihò náà wà àti ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀. Èyí tó wà ní àárín gbòǹgbò tàbí nísàlẹ̀ pátápátá sábà máa ń san. Èyí tó bá ẹran ìdí eyín dọ́gba ló le jù, nítorí kòkòrò ẹnu ń ráyè wọ ibẹ̀. Bí gbòǹgbò bá là sí méjì lóòró, yíyọ ni. Bí wọ́n bá sì dí ihò náà tán, ẹ padà lọ ya àwòrán lóṣù kẹfà, àti nígbà tó bá pé ọdún kan, kódà bí kò bá dùn yín rárá: òkùnkùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò lórí àwòrán àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ti máa kéré sí i.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Oníṣègùn eyín, Ìbàdàn