Ẹ má sọ pé Èkìtì kéré jù fún rélùwéè

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà kan tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n mú bírò, ẹni tó kọ ọ́ ní rélùwéè kì í ṣe nǹkan Èkìtì, pé ìlú wa ò tóbi tó, pé èrò wa ò pọ̀ tó, àfi Èkó àti Ìbàdàn nìkan ló yẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo fẹ́ kí olúwarẹ̀ bá mi gbọ́ nípa ìlú kan ní Japan tó ń jẹ́ Choshi.

Choshi ò tóbi rárá. Etí òkun ló wà, ní ìpínlẹ̀ Chiba, iṣẹ́ ẹja niṣẹ́ wọn, wọ́n tún ń gbin kábéèjì, kódà àárín oko kábéèjì ni rélùwéè wọn ń gbà kọjá. Gbogbo ojú irin ọ̀hún ò ju kìlómítà 6.4 lọ, tẹ́ṣàn 10 ló wà lórí ẹ̀, láti Choshi dé Tokawa, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ fi ń rìn ín tán. Tẹ́ṣàn Tokawa tó kángun síbẹ̀ yẹn, ilé pákó tí wọ́n kọ́ ní 1923 ló ṣì ń lò, wọn ò wó o kọ́ alájà lé e. Ọkọ̀ tó ń ná an ńkọ́? Tòkunbọ̀ ni jàre! Èyí tí wọ́n kó débẹ̀ ní 2010, Tokyo ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó, ó tún ṣiṣẹ́ ní Matsuyama, kó tó wá bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Choshi.

Kò sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn o. 1913 ni wọ́n kọ́kọ́ la ojú irin síbẹ̀, kò mówó wọlé, nígbà tó di 1917 wọ́n kógbá sílé, wọ́n hú irin ilẹ̀ kúrò torí pé ogun àgbáyé ti sọ irin di ọ̀wọ́n. Ní 1923 ó tún padà. Nígbà tó wá di 2006, ọ̀gá tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti kówó jẹ, owó àtiṣe àyẹ̀wò ọkọ̀ tí òfin ní dandan ni kí wọ́n ṣe ò sí, ni wọ́n bá kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra nure-senbei wa, a gbọ́dọ̀ rówó tún ọkọ̀ ṣe.

Nure-senbei yìí, ìpápánu ìrẹsì ni, láti 1995 ni kọ́ńpìnnì rélùwéè yẹn ti ń tà á. Wọ́n á tẹ́ ìrẹsì lílọ̀ pẹlẹbẹ, wọ́n á yan án lórí iná, bó ṣe ń gbóná lọ́wọ́ ni wọ́n á rì í bọ inú omi sóyà dúdú tí wọ́n ń ṣe nílùú náà, kò ní í le mọ́, rírọ̀ ló máa rọ̀ lẹ́nu. Ẹ wá wo ojú èrò! Káàkiri Japan ni wọ́n ti ń rà á, ó pọ̀ débi pé ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é ò ká a mọ́. Rélùwéè ò kú. Títí dòní, owó tí ìpápánu ń mú wọlé ju owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti 2014, ọkọ̀ kan yẹ̀ kúrò lójú irin lóṣù kìíní, owó àtúnṣe tún di wàhálà, àwọn ọmọ girama ìlú yẹn, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ òwò nílé ìwé, ni wọ́n dìde, wọ́n ń gba owó ìrànlọ́wọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí tó fi pé. Ọmọ girama o! Torí ọkọ̀ ìlú wọn ni. Mi ò ní parọ́, ìjọba náà ń tì wọ́n lẹ́yìn, àmọ́ wọn ò káwọ́ gbera máa wo ìjọba.

Àwa ńkọ́? 1907 ni rélùwéè ti dé Òṣogbo, ó sì gba ibẹ̀ kọjá lọ sókè Ọya, kò yà sọ́dọ̀ wa, àwọn àgbà wa ló ń kó kòkó lọ bá a. Nígbà yẹn, a lè ní kò sóhun tá a lè ṣe sí i. Àmọ́ lóṣù kẹta 2023 Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe òfin tó jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè ṣe rélùwéè tiẹ̀. Ẹ dúró ní Ìkẹ̀rẹ́ láàárọ̀, ẹ wo àwọn olùkọ́, àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn ọmọ yunifásítì tó ń lọ sọ́nà Ìwòròkó, gbogbo wọn ń du kọ̀rópe kan náà, tí mẹ́rin á fún pọ̀ síbi tó yẹ kí mẹ́ta jókòó. Ẹni tó bá ní èrò ò sí, èrò wo ló tún fẹ́? Ìgbẹmọ sì ń gbin ìrẹsì, a kì í ṣe ẹni tí ò lóhun tó lè tà ní tẹ́ṣàn.

Olóòtú, ẹ bá mi bi àwọn aṣòfin wa ní Adó, látìgbà tí òfin yẹn ti yí padà, ṣé ẹnikẹ́ni ti wọn ilẹ̀ láti Ìkẹ̀rẹ́ dé Adó wò? Tí wọ́n bá ti wọ̀n ọ́n, ẹ jẹ́ ká rí ìwé ẹ̀. Tí wọn ò bá tíì wọ̀n ọ́n, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, èmi ò bèèrè èyí tó máa dé Kano.

Èmi òǹkàwé yín,
Ìkẹ̀rẹ́-Èkìtì