Lẹ́tà sí Màmá Kábà, tó ń pè mí ní lọ́yà

Màmá mi,

Okun o. Ẹ kú ọjà, ẹ kú oòrùn.

Mo gbọ́ pé ẹ tún sọ fún àwọn ìyá ìjọ ní Sọ́ńdè tó kọjá pé lọ́yà ni mí. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń ṣe lọ́yà lẹ́nu yín, n kò sì rojọ́ kan rí. N kò bínú. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé fún yín pé ìmọ̀ ìṣèlú ni mo kà, ẹ bi í pé ta ló ń sanwó yunifásítì lọ kọ́ olè jíjà. Ṣùgbọ́n kajú tí ẹ tà ni mo fi kàwé, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí owó yẹn rà.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo iṣẹ́ mi. Bí ìlú bá kún, tí oríṣiríṣi èdè wà níbẹ̀, ta ni wọ́n ń bi léèrè kí wọ́n tó pín nǹkan, ta sì ni wọ́n kàn ń pè pé kó wá gba èyí tó kù? Nígbà tí omi ya wọ Lọ́kọ́ja ní 2022, bó ṣe ya wọ̀ ọ́ ní 2012, ọkọ̀ ojú omi ni mo wọ̀ lápá Ganaja, tí mo ń bi àwọn èèyàn pé ta lẹ ké sí. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọ́fíìsì kankan. "Ọmọ wa kan wà níbẹ̀" ni wọ́n ń wí. Ẹni tí kò ní ọmọ níbẹ̀ gun orí tábìlì, ó ń wo omi.

Ẹ máa ń bi mí pé báwo ni Yorùbá ṣe pọ̀ tó yìí, tí àwa wá di kékeré ní Kogi. Ìlà ni, Màmá, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Òyìnbó fa ìlà, Kábà bọ́ sí Àríwá. Ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group fẹ́ kí Ìlọrin àti Kábà kúrò níbẹ̀ lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn. Ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba Òyìnbó gbé kalẹ̀, jókòó ní 1957 láti gbọ́ ẹ̀rù tó ń ba àwọn tí kò pọ̀, àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1958, kò ní kí wọ́n dá ìpínlẹ̀ kankan sílẹ̀. Ní 1967 a di ará Kwara. Ní 1976 wọ́n mú àwọn Ígálà kúrò lára wa lọ sí Benue. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991, wọ́n tún kó wa pọ̀ ní Kogi. Ilé bàbá yín kò kúrò lójú kan ní gbogbo ìgbà yẹn, ìlà ló ń rìn kọjá lórí òrùlé rẹ̀. Láti ìgbà náà, Ígálà ti dìbò wọlé ṣe gómìnà, Ebira náà ti ṣe é. Tiwa ni Clarence Ọláfẹ́mi, tó ṣe adelé fún nǹkan bí oṣù méjì ní 2008 torí pé òun ni olórí ilé aṣòfin. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí dùn yín. Ó dun èmi náà.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé kọ́ nìyẹn.

Ẹ rántí ìyá tó ń ta ẹja gbígbẹ ní ọ̀kánkán ìsọ̀ yín, ẹni tí ẹ ń pè ní Ìgbìrà, tí òun ń pe ara rẹ̀ ní Ebira. Mo wà nílé fún họ́lídé, orí àpò kajú ni mo jókòó sí nígbà ìpàdé ọjà. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó ka owó ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kó o fún ẹ̀yin akápò. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó kan ibi tí wọ́n máa gbé àwọn ẹlẹ́ja sí, ó nawọ́. Ẹ ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí onílé sọ̀rọ̀ ná." Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìpẹ́ ẹja kúrò lára aṣọ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni wọ́n gbé wọn sí. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin kan náà lẹ gbé ọmọ rẹ̀ lọ sọ́sibítù lóru.

Ọdún pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn kí n tó ka ìwé tí Charles V. Hamilton àti Stokely Carmichael jọ kọ ní Amẹ́ríkà ní 1967. Ọmọ ìlú Muskogee, ní Oklahoma, ni Hamilton, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Ó kà nípa òfin kó tó di olùkọ́ ìṣèlú, ó sì kọ́ni ní Yunifásítì Columbia láti 1969 títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó kú ní 2023. (Òun gan-an ni ìbá jẹ́ lọ́yà yín.) Wọ́n ní ìwà ìkà pín sí méjì. Ẹnì kan ju bọ́ǹbù sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Alabama, gbogbo ayé pariwo. Ìkejì wà nínú ètò ìlú: ọmọdé ń kú torí àìrí oúnjẹ àti oògùn, ẹnikẹ́ni kò sì gbé ọwọ́ sókè sí wọn. N kò fi ọjà wa wé Alabama o. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á, òórùn ẹja gbígbẹ ni mo ń gbọ́.

Mo wá kọ ìpàdé yẹn sínú ìwé tí mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. N kò dárúkọ yín, "akápò ọjà kan" ni mo kọ. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ní Lọ́kọ́ja ni mo tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa. Tiyín, mo kàn mú un bí ọmọ ṣe ń mú ẹran nínú ìkòkò ìyá rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí.

Mò ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá. Màá mú ìwé náà dání, màá sì ka ojú ewé yẹn fún yín ní èdè wa. Bí ẹ bá ní kí n yọ ọ́, màá yọ ọ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Bí ìyá ẹlẹ́ja bá ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ẹ bá mi sọ fún un pé kó wá gbọ́. Òun náà wà níbẹ̀.

Ọmọ yín,
Lọ́yà