Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: ọlọ́jà tó ń gba èènì lọ́wọ́ oníbàárà

Peckham, London
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ ìwé, o sì kú otútù. Ìyá rẹ gbọ́ lórí rédíò pé yìnyín ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ yín ní Leeds, ó ní kí o má fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú ilé. Àlàáfíà la wà. Orúnkún mi ṣì ń ṣe bó ṣe ń ṣe, àmọ́ mo ti gbé ọ̀pá sílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Èsì rẹ̀ ju ohun tí mo lè fi àtàńpàkò tẹ̀ lọ, ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti kọ̀ǹpútà. Jẹ́ kí n tún un sọ, kí n lè mọ̀ pé mo gbọ́ ọ yé. O bá wọn ná ẹ̀rọ ìránṣọ Singer àlòkù kan ní gbàǹjo lórí eBay, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, ó já mọ́ ọ lọ́wọ́ ní £46. Ọkùnrin náà ti kọ £9.50 síbẹ̀ fún owó ìfiránṣẹ́, nítorí náà o mọ̀ kí o tó náwó pé £55.50 ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́. Ilẹ̀ mọ́, ó kọ̀wé sí ọ pé kí o fi £6 lé e, "owó káàdì àti owó ìdìpọ̀", kí o sì san £6 yẹn tààrà sínú àkáǹtì òun ní báńkì. O wá ka ohun tí àwọn oníbàárà kọ sábẹ́ orúkọ rẹ̀, o rí i pé ó ti gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn kan ṣáájú rẹ. Ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé ní ahun ni ọ́ tí o bá torí £6 fi ẹjọ́ ènìyàn sùn. Ìwọ sì ń bi mí bóyá òfófó ni.

Má san £6 yẹn o. Ìyẹn ò gba ìmọ̀ràn. San £55.50 bó ṣe wà lójú ewé ọjà náà, nípasẹ̀ eBay fúnra rẹ̀, kí o dúró níbẹ̀. Owó tó bá gba ẹ̀yìn eBay lọ, ìlérí wọn pé àwọn máa dá owó oníbàárà padà tí ọjà kò bá dé kò kàn án. Sì rò ó wò: tí ọkùnrin yìí bá gbà pé ẹ̀tọ́ òun ni £6 náà, kí ló dé tí kò kọ ọ́ sójú ewé kí gbàǹjo tó bẹ̀rẹ̀? Kí ló dé tó jẹ́ inú báńkì ló fẹ́ kó gbà wọlé? Ẹni tó bá ń bẹ̀rù kí wọ́n rí òun ló ń gba ẹ̀yìnkùlé.

Àwáwí tó ṣe gan-an kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, aládàáni tó bá ń ta ọjà lórí eBay nílẹ̀ yìí kì í san kọ́bọ̀ fún eBay lórí ohun tó tà, àfi tó bá jẹ́ mọ́tò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé owó ààbò kan lé oníbàárà lórí, ó sì ti wà nínú iye tí o rí nígbà tí o ń náwó. Owó káàdì wo ló kù tó ń sọ? Tó bá sì jẹ́ pé oníṣòwò gidi ni, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí láti ọjọ́ 13 oṣù Kíní ọdún 2018 ni ìjọba ilẹ̀ yìí ti fòfin dè é pé oníṣòwò kankan ò gbọdọ̀ bu owó lé ohun tí oníbàárà rà nítorí pé káàdì ló fi san án. Ti owó ìdìpọ̀, mi ò bá a jà: páálí àti tépù ń gba owó, ẹ̀rọ ìránṣọ sì wúwo. Àmọ́ inú £9.50 ló yẹ kó ti kà á mọ́ ọn. Gbogbo owó tí ọlọ́jà bá ti fi hàn ọ́ kí o tó náwó, tí o sì náwó lórí rẹ̀, o ti gbà á. Má ṣe rojọ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Èyí tó yọ lẹ́yìn tí gbàǹjo ti parí ni mò ń sọ.

Ìyá mi, ìyẹn ìyá rẹ àgbà, ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní ọjà Àtàkúmọ̀sà ní Iléṣà títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ fún un. (Orúnkún yìí, a jogún ẹ̀ ni.) Tó bá ti wọn kóńgò mẹ́ta fún ènìyàn tán, á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Èènì nìyẹn, o sì mọ̀ ọ́n, o ti jẹ nínú rẹ̀. Láti kékeré mi, mi ò rí i rí kí oníbàárà sanwó tán kí ọlọ́jà wá na ọwọ́ sí i pé kó fún òun ní èènì. Ohun tí ọkùnrin yìí ń ṣe gan-an nìyẹn.

Obìnrin kan wà nínú ọjà yẹn tí ìdí kóńgò rẹ̀ ti wọnú. Wọ́n fi òkúta lù ú ni, kó lè máa gba ìrẹsì díẹ̀. Àwọn tó mọ̀ kò jà, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń yà kúrò níwájú ìsọ̀ rẹ̀ ni. Àwọn tí kò mọ̀, àwọn ará oko tó wọlé ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà, àwọn ọmọdé tí wọ́n rán níṣẹ́, àwọn ló ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyá Rísì, kóńgò yín ti wọnú o." Ó dáhùn pé òun gbọ́. Ọjọ́ ọjà méjì kọjá, kóńgò yẹn náà ló ṣì ń lò. Ìyá mi bá lọ bá ìyálọ́jà, wọ́n gba kóńgò náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. Bóyá àwọn kan pe ìyá mi ní elófòófó lẹ́yìn rẹ̀, kò pa á.

Mo ń sọ ìtàn yìí nítorí pé ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ìyálọ́jà tó ń rìn káàkiri láàárín ìsọ̀. Nígbà tí Pierre Omidyar dá eBay sílẹ̀ ní California lọ́dún 1995, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n tà níbẹ̀ jẹ́ iná laser kékeré kan tó ti bàjẹ́, ní dọ́là 14 àti sẹ́ńtì 83. Àjèjì ló ń tà fún àjèjì, kò sí ẹni tó rí ojú ẹnì kejì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ló ṣe àyè tí àwọn tó rà àti àwọn tó tà á ti lè máa sọ ohun tí ojú wọn rí. Ojú oníbàárà ni ojú ọjà níbẹ̀. Tí gbogbo ẹni tó mọ̀ bá ń yà bàrá, ẹni tí kò mọ̀ ni yóò máa san £6. Àwọn àgbà ní òfófó ò gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ. Ìwọ o, ọpẹ́ yẹn gan-an o ò ní rí i gbà, torí eBay kì í kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí ènìyàn.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí. Ní 2009, nígbà tí o ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé yẹn, mo ń ta àwo orin jùjú àtijọ́ lórí eBay, àwọn tí mo kó bọ̀ láti ilé nínú Ghana-Must-Go. Àwọn ará Jámánì àti Japan fẹ́ràn wọn bí ẹní fẹ́ràn oyin. PayPal, ilé iṣẹ́ tí owó àwo mi ń gbà kọjá, máa ń yọ 3.4% àti pẹ́ǹsì 20 nínú owó tó bá wọlé, ó sì ń dùn mí dọ́kàn. Mo rí i lójú ewé àwọn kan pé ẹni tó bá máa fi PayPal sanwó, kó fi 5% lé e. Èmi náà kọ tèmi, gàdàgbà-gadagba, pẹ̀lú àwọ̀ pupa. Òfin eBay kò gbà á, àmọ́ mi ò tiẹ̀ wò ó. Ṣírò rẹ̀ wò: lórí àwo £30, èmi á gba £1.50 lé e, PayPal á yọ £1.27 nínú £31.50 tó wọlé. Pẹ́ǹsì 23 ń kù sí mi lọ́wọ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà yẹn mo ń pe ara mi ní ẹni tí wọ́n ń yàn jẹ.

Ọkùnrin kan láti Bristol kọ̀wé sí mi, jẹ́jẹ́. Ó ní òfin kò fàyè gbà á. Tí owó PayPal bá ń dùn mí, kí n fi kún iye àwo mi kí gbogbo ènìyàn lè rí i kí wọ́n tó náwó. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, mo pa á rẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, àwo 11 tí mo gbé síbẹ̀ pòórá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n kọ̀wé pé mo rú òfin. Inú bí mi fún odidi oṣù kan. Mo ń wá ọ̀tá kiri. Àṣé ìyá rẹ ń wò mí, ó bi mí nínú kíṣìnnì lálẹ́ ọjọ́ kan pé, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ṣé wọn ò kọ́kọ́ sọ fún un yín ni?" Mi ò rí ìdáhùn. Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá ará Bristol yẹn ló fi ẹjọ́ mi sùn, àmọ́ tó bá jẹ́ òun ni, kò ṣẹ̀ mí. Mo gbé àwọn àwo náà padà, mo fi £1.50 kún iye orí wọn, wọ́n sì rà wọ́n tán.

Má wá rò pé gbogbo ènìyàn ló dà bí èmi. Ìyá ará Jàmáíkà tó ń gbé ní nọ́ńbà 14 máa ń ta owú ìhunṣọ. Òun náà ti da irú ọ̀rọ̀ yẹn kọ láti ojú ewé ẹlòmíràn, ó rò pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ẹnì kan kọ ìlà méjì sí i, ọjọ́ yẹn gan-an ló yọ ọ́ kúrò. Ká ní wọ́n ti ṣáájú fi í sùn, ẹ̀rù ì bá bà á débi pé kò ní tà mọ́, owú yẹn sì ni ojúlùmọ̀ rẹ̀ láyé. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà. Nítorí náà, kọ̀wé sí ọkùnrin yìí kí o tó ṣe ohunkóhun. Inú eBay ni kí o ti kọ ọ́, má gba WhatsApp, má pè é lórí fóònù. Sọ fún un pé iye tó kọ síbẹ̀ lo máa san, pé eBay kò gbà kí ọlọ́jà bu owó lé e lẹ́yìn gbàǹjo, pé o ń retí ẹ̀rọ rẹ. Kó mọ bẹ́ẹ̀. Má fi ìbínú sí i, má sì pe òfin 2018 lé e lórí bí lọ́yà. Ya àwòrán ohun tó kọ́kọ́ kọ kó má baà pa á rẹ́.

Fún un di Ọjọ́rú. Tó bá ní òun ò mọ̀, tó sì ní kí o gbàgbé £6, gbà á gbọ́. Mo mọ̀ pé o ti ka ti àwọn yòókù, o sì lè ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ báńkì yẹn. Síbẹ̀ jẹ́ kó ní àǹfààní tí èmi ní, tí mo fi ṣòfò. Tó bá fa orí kunkun, tàbí tí o rí i tó ṣì ń gba á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, fi í sùn láti ojú ewé ohun tí o rà, kí o sì fi àwòrán yẹn tì í. Tó bá jẹ́ oníṣòwò ni, pe Citizens Advice náà, àwọn tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn, ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ ti ń dé etí Trading Standards, àwọn tó ń mú oníṣòwò tó bá rú òfin. Má bẹ̀rù pé ó máa ba orúkọ rẹ jẹ́ níbẹ̀; láti 2008 ni eBay ti gba agbára láti kọ ọ̀rọ̀ burúkú nípa oníbàárà kúrò lọ́wọ́ ọlọ́jà. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, òótọ́ ni, àmọ́ ìwọ àti ọkùnrin yìí kì í kúkú ṣe ọ̀rẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ máa ti le sí ọ nìyí, mo sì mọ̀ pé owó ń wọ́n ọ: ó lè sọ pé òun á dá £10 padà fún ọ kí o lè dákẹ́. Má gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni ìwọ náà ò gbọdọ̀ sọ fún un pé kó fún ọ ní nǹkan kí o má baà kọ ohun tí kò dára nípa rẹ̀. eBay ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀ oníbàárà, èmi náà sì kà á sí i. Lọ́jọ́ tí o bá gba £10 yẹn, o ti bá a jẹ nínú £6 àwọn ará ìyókù. Tí o bá nílò £10, o mọ nọ́ńbà mi.

Ti ahun tí ọ̀rẹ́ rẹ pè ọ́, sọ fún un pé Ìjẹ̀ṣà ni wá. Àwọn bàbá wa máa ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n á fi gba owó aṣọ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wá ní òṣómàáló. Kò tíì rí ahun.

Ìyá rẹ ní tí ẹ̀rọ náà bá dé, kí o kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí táyà rẹ̀ kí o tó fi iná sí i, kí o wo abẹ́rẹ́ rẹ̀ bóyá ó tẹ̀. Ó tún ní epo ẹ̀rọ ìránṣọ ni kí o rà sí i o, kì í ṣe òróró tí o fi ń dín dòdò.

Èmi ni,
Bàbá rẹ