Lẹ́tà sí àbúrò mi tí wọ́n fi ìròyìn àwọn àgbà ilé-ìwé wa lé lọ́wọ́

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ pé ìwọ ni yóò máa kó ìròyìn àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́jáde jọ báyìí fún ìwé ìròyìn wa ọdọọdún. O kú orí-ire, o sì kú ìfaradà. Ilé-ìwé girama kékeré nínú ìlú kékeré ni, sẹ́ẹ̀tì kan lè má ju ọgbọ̀n èèyàn lọ, èyí ló ń mú kí iṣẹ́ náà jọ ohun tí èèyàn lè parí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kíkọ kọ́ ló ń gba àkókò, wíwá èèyàn ni. Bí o bá sì rí wọn tán, ó tún ku bí wọ́n ṣe máa sọ ohun tó ju "Ara le, a dúpẹ́" lọ.

Jẹ́ kí n ti ibi tó le jù bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó máa ń yára dáhùn ni àwọn tí nǹkan ń ṣẹnuure fún: ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di dókítà, ẹni tó ń rìnrìn-àjò kiri láti ìgbà tó ti fẹ̀yìntì. Bí o bá kàn ń tẹ ohun tó wọlé jáde, oríkì àwọn tó rí jájẹ ni ìwé ìròyìn náà máa dà. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kú, ẹni tí òwò rẹ̀ dojú dé, ẹni tó ń gbé yàrá kan nílé ọmọ, wọ́n á kà á, wọ́n á ká a pa, wọn ò sì ní dá ọ lóhùn lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn tó dákẹ́ gan-an ni iṣẹ́ rẹ. Àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ á wá ọ fúnra wọn.

Kí o tó pe ẹnikẹ́ni, ṣe àkọsílẹ̀ orúkọ dáadáa. Orúkọ tí èèyàn jẹ́ nílé-ìwé ni kó ṣáájú, kì í ṣe èyí tó ń jẹ́ lónìí. Obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ lẹ́ẹ̀mejì lè ti jẹ́ orúkọ mẹ́ta, síbẹ̀ orúkọ bàbá rẹ̀ làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí. Fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ ọkọ àti fún ìnagijẹ (má rẹ́rìn-ín, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìnagijẹ wọn nìkan ni ẹgbẹ́ wọn rántí). Kọ ọdún tó wọlé àti ọdún tó jáde. O nílò méjèèjì, torí àwọn kan ń ka sẹ́ẹ̀tì láti ọdún ìwọlé, àwọn mìíràn láti ọdún ìjáde, ẹni tó bá sì tún kíláàsì kan ṣe máa ní ẹgbẹ́ nínú sẹ́ẹ̀tì méjì. Má yọ ẹni tí kò parí kúrò. Àwọn tó kúrò ní kíláàsì kẹta torí owó tàbí torí àìsàn máa ń rò pé a ò ka àwọn mọ́, inú wọn sì máa ń dùn jù bí lẹ́tà bá dé.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì, ẹni tó sún mọ́ ọn jù, ọjọ́ tí o gbọ́ nípa rẹ̀ kẹ́yìn, àti ẹni tí o gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Méjì tó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé máa ń fò, àwọn ló sì máa ń dá ìjà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ Excel lo fẹ́ lò, yan "Text" fún òpó nọ́ńbà fóònù kí o tó tẹ ohunkóhun sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó máa yọ òdo tó wà níwájú nọ́ńbà dànù, ìpè ò sì ní wọlé mọ́.

Òpó ẹni tó sún mọ́ ọn yẹn, má fojú kéré rẹ̀. Àwọn olùwádìí ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ti ń tọpa èèyàn 10,317 lára àwọn tó jáde ilé-ìwé girama níbẹ̀ ní 1957. Ní 1964, àwọn òbí ni wọ́n fi káàdì ìbéèrè ránṣẹ́ sí. Ìgbà tó di 1975 ni wọ́n tó bá àwọn ọmọ fúnra wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọ̀dọ́ máa ń kó láti ilé dé ilé, òbí kì í sábà kúrò lójú kan. Ní tàwọn àgbà wa, ọ̀rọ̀ ti yí padà: òbí ò sí mọ́, àwọn fúnra wọn ló ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ, fóònù wọn sì lè pààrọ̀ láìsí ẹni tó máa sọ fún ọ. Ọmọ, àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n ni kí o di mú. Nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún kò tó.

Má fi ìpè bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ti kìlọ̀ fún wọn nípa gbájúẹ̀, wọn ò sì jẹ̀bi: ohùn àjèjì tó mọ orúkọ ilé-ìwé èèyàn, tó wá ń béèrè ọjọ́ ìbí àti orúkọ ìyá, bí àwọn oníjìbìtì ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn. Lẹ́tà ni kó ṣáájú, ojú ewé kan péré. Jẹ́ kí ìwọ̀n fọ́ńtì rẹ̀, ìyẹn bí lẹ́tà ṣe tóbi tó, jẹ́ 14 ó kéré tán, 16 fún àwọn tó dàgbà jù, kí tàdáwà rẹ̀ dúdú dáadáa lórí ìwé tí kì í dán, torí ìwé tó ń dán máa ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú tó ti ń ṣú. Fi àyè ìlà mẹ́ta sábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí ìlà kan sí èkejì tó sẹ̀ǹtímítà kan, torí ọwọ́ tó ń gbọ̀n ò lè kọ sí àyè tóóró. Fi àpòòwé tó ti ní sítáǹpù àti àdírẹ́sì rẹ sínú rẹ̀. Sọ ọjọ́ tí o máa pè, kí o sì fi nọ́ńbà rẹ síbẹ̀ kí wọ́n lè kọ́kọ́ pè ọ́ bó bá wù wọ́n. Má béèrè ọjọ́ ìbí rárá, má sì dárúkọ owó nínú lẹ́tà yìí. Bí o bá fi ìbéèrè owó ìdáwó mọ́ ìbéèrè àlàáfíà, àwọn tí ọwọ́ wọn ò tẹ́nu kò ní dáhùn èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Fún lẹ́tà náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí o tó wá pè. Láàárín aago mẹ́wàá sí méjìlá ọ̀sán ló dáa jù. Ṣáájú ìgbà yẹn, oògùn àti ìwẹ̀ ni. Lẹ́yìn rẹ̀, oúnjẹ àti oorun. Nírọ̀lẹ́, ó ti máa ń rẹ̀ wọ́n, ẹni tí iyè rẹ̀ sì ti ń ra máa ń dàrú jù nígbà náà. Bí wọ́n bá gbé e, kí wọn, dárúkọ ara rẹ, dárúkọ sẹ́ẹ̀tì rẹ, sọ pé ìwọ lo kọ lẹ́tà. Má ṣe béèrè láéláé pé "Ṣé ẹ dá ohùn mi mọ̀?" Ìdánwò ni fún ẹni tí kò rántí, ìtìjú ló sì máa fi gbé fóònù sílẹ̀.

Etí àgbà kọ́kọ́ máa ń pàdánù ìró tó ga, bíi s àti f. Ariwo ò wo èyí sàn, ṣe ló ń mú ọ̀rọ̀ dàrú. Rẹ ohùn rẹ sílẹ̀, rọra sọ̀rọ̀, bí wọn ò bá sì gbọ́ gbólóhùn kan, má tún un sọ bó ṣe wà, fi ọ̀rọ̀ mìíràn sọ ọ́. Bí o bá béèrè nǹkan, dákẹ́ kí o ka ení dé ẹẹ́wàá nínú rẹ. Akọ̀wé tó ń kánjú ló máa ń fi ìbéèrè kejì pa ìdáhùn àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú ogún sí ọgbọ̀n ti tó.

"Báwo ni nǹkan?" kò lè bí ìròyìn. Béèrè pé: "Láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, kí lẹ sábà máa ń ṣe?" Béèrè iṣẹ́ tí wọ́n pẹ́ nídìí rẹ̀ jù, kì í ṣe ipò tó ga jù tí wọ́n dé. Má béèrè iye ọmọ. Nínú ẹgbẹ́ àwọn àgbà, àwọn kan wà tí kò bí, àwọn kan wà tí wọ́n ti sin ọmọ. "Ta ló wà pẹ̀lú yín nílé?" ń mú ìdáhùn kan náà wá láìdá egbò. Àwọn ọ̀rọ̀ ilé-ìwé fúnra rẹ̀ máa ń yá wọn lára, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sí ọgbọ̀n ọjọ́ orí ló máa ń dúró sínú iyè àgbà jù. Fi ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n má sùn síbẹ̀. Ìròyìn òní lo wá gbà. Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù ni èyí: "Ta lẹ ń wá nínú àwọn ẹgbẹ́ yín?" Ẹni tó ti sọ pé òun ò ní nǹkan kan í sọ máa dárúkọ ẹnì kan, á sọ ìdí rẹ̀, ẹnu á là. Ìwọ náà á sì rí ẹni tuntun tọpa rẹ̀.

Bí àpẹẹrẹ, bàbá kan lè sọ pé, "Kò sí nǹkan kan, mo wà nílé." O béèrè ti òwúrọ̀, ó ní òun ń tún rédíò ṣe fún àwọn aládùúgbò. O béèrè ẹni tó ń wá. Ohun tí o máa tẹ̀ jáde rèé: "Mò ń gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin mi. Lówùúrọ̀, mo máa ń tún rédíò ṣe fún àwọn aládùúgbò, n kì í gbowó. Mò ń wá ẹni tá a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní kíláàsì kejì. Òun ló kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń jó wáyà pọ̀." Kọ ọ́ bí ẹni pé àwọn fúnra wọn ló ń sọ̀rọ̀ báyìí fún gbogbo èèyàn. Ó máa gbà ọ́ lọ́wọ́ wàhálà ẹni tó yẹ ká pè ní "ó" àti ẹni tó yẹ ká pè ní "wọ́n", nígbà tí àgbà ọgọ́rin ọdún àti ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá kéré sí i bá wà lójú ewé kan náà. Kà á fún wọn lórí fóònù kí o tó dágbére.

Iyè tó ń ra tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹnì kan lè sọ pẹ̀lú ìdánilójú pé òun ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́la, nígbà tó ti fẹ̀yìntì láti ọjọ́ pípẹ́, tàbí pé ìyàwó òun wà nílé ìdáná, nígbà tó ti di olóògbé. Má tún un ṣe lójú ara rẹ̀. Gbọ́ ọ, dúpẹ́, lẹ́yìn náà kí o pe ọmọ. Ohun tí àwọn méjèèjì bá jọ fẹnu kò lé lórí ni kí o tẹ̀. Ìrántí ilé-ìwé ló sábà máa ń jẹ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ikú wá nìyí. Lẹ́tà tó padà kò túmọ̀ sí pé èèyàn ti kú, ìdákẹ́jẹ́ náà kò sì túmọ̀ sí i. Má fi ẹnikẹ́ni sábẹ́ àwọn olóògbé àyàfi tí mọ̀lẹ́bí bá sọ fún ọ, tàbí tí èèyàn méjì tí kò gbọ́ ọ lẹ́nu ara wọn bá sọ ohun kan náà. Èèyàn mẹ́rin tó gbọ́ ọ nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan ṣoṣo, ẹyọ ẹ̀rí kan ni wọ́n. Ìlú kékeré kún fún ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọmọ ìyá tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wá: àbúrò ló kú, wọ́n kọ ẹ̀gbọ́n sílẹ̀. Bó bá dájú, kọ orúkọ tó ń jẹ́ nílé-ìwé, sẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àti ọdún tó kú. Ohun tó pa á kì í ṣe tìrẹ láti kọ àyàfi tí ẹbí bá ní kí o kọ ọ́. Lọ́jọ́ kan náà, yọ àdírẹ́sì rẹ̀ kúrò nínú àwọn tí lẹ́tà ń lọ bá, kò sí ohun tó ń dun opó bíi lẹ́tà tó ń béèrè pé "Báwo ni ìgbésí ayé yín?" lórúkọ olóògbé. Ṣùgbọ́n má pa orúkọ náà rẹ́ nínú àkọsílẹ̀. Bi opó tàbí ọkọ tó kù léèrè bóyá ó ṣì fẹ́ máa gba ìwé náà. Ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́.

Nígbà tí o bá ń tò ó, sọ "láìpẹ́ yìí" àti "lọ́dún tó kọjá" di ọdún gidi, torí wọ́n máa ń tọ́jú ìwé yìí fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀rọ̀ ọgọ́rin sí ọgọ́rùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, olówó àti tálákà. Ẹni tó bá kọ ojú ewé mẹ́rin, gé e, fi han án kó tó jáde. Fi orúkọ tò wọ́n ní a, b, d, kí o sì yọ gbogbo oyè kúrò níwájú orúkọ. Àwọn kan á bínú. Jẹ́ kí wọ́n bínú. Àìsàn tí wọ́n sọ fún ọ lórí fóònù kì í ṣe ti títẹ̀, àfi tí o bá tún béèrè lọ́tọ̀. Má tẹ àdírẹ́sì ilé, má sì tẹ ìrìn-àjò tí ẹnì kan kò tíì rìn, torí olè náà mọ̀wé kà. Bí o bá ń fi ímeèlì ránṣẹ́, àyè Bcc ni kí o kó àdírẹ́sì wọn sí, kí ẹnì kan má bàa rí ti ẹnì kejì.

Ní ti fọ́tò àtijọ́: má fà á yọ kúrò nínú álúbọ́ọ̀mù tó ní gọ́ọ̀mù, ó máa fàya. Ya àwòrán rẹ̀ bó ṣe wà níbẹ̀. Bí o bá ní ẹ̀rọ skánà, yan 600 dpi (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe máa hàn kedere tó) fún fọ́tò kékeré. Tí wọ́n bá ń fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi document, torí ọ̀nà tí wọ́n fi ń fi fọ́tò lásán ránṣẹ́ máa ń fún un kéré, ojú àwọn tó wà lẹ́yìn á sì parẹ́. Orúkọ, láti òsì sí ọ̀tún, ìlà iwájú kọ́kọ́. Pẹ́ńsù rírọ̀ ni kí wọ́n fi kọ ọ́ sí etí ẹ̀yìn fọ́tò, kì í ṣe báírò.

Bẹ̀rẹ̀ láti orí sẹ́ẹ̀tì tó dàgbà jù, kí o máa sọ̀ kalẹ̀. Ìpè márùn-ún lọ́sẹ̀ ti tó. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, o ò ní ráyè kọ ọ́ dáadáa. Tọ́jú ẹ̀dà méjì síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tẹ ọ̀kan sórí ìwé, kí ẹlòmíràn sì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ. Bí o bá ti parí sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta àkọ́kọ́, fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí mi kí n fi wé èyí tó wà lọ́wọ́ mi, pàápàá òpó àwọn olóògbé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.