Ẹ̀sùn lórí wákàtí ìrìnàjò tí ẹ sọ fún mi, Abuja sí Houston

Kubwa, Abuja
Ọjọ́ 3, oṣù Kejì, 2025

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ìyá mi ní ọ́fíìsì yín ní Wuse nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ wẹ ọmọ tuntun fún àbúrò mi ní Houston. Yorùbá ni èmi àti ọmọ iṣẹ́ yín jọ ń sọ, ara sì tù mí láti bi í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: wákàtí mélòó ni màmá máa lò lọ́nà? Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó ní wákàtí 13.

Wákàtí 13 yẹn ni mo fi ṣètò oògùn wọn. Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Aago 7 àárọ̀ àti aago 7 alẹ́ ni wọ́n ń lo oògùn. Aago 11 alẹ́ ni bàálù gbéra ní pápákọ̀ Nnamdi Azikiwe. Hóró kan ṣoṣo ni mo wé sínú bébà, tí mo so mọ́ etí ìborùn wọn fún àárọ̀. Ìyókù wà nínú àpótí tó lọ sábẹ́ bàálù.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà nìyí: wákàtí 6 dé Istanbul, wọ́n jókòó síbẹ̀ fún wákàtí 9, Istanbul sí Houston nìkan wá gba wákàtí 13. Wákàtí 28 ni gbogbo rẹ̀! Ká ní bàálù lọ tààrà láti Abuja sí Houston, nǹkan bíi kìlómítà 10,700 ni. Ọ̀nà Istanbul tí ẹ tà fún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 14,400.

Èyí tó dùn mí jù ni pé mo rí i lórí tíkẹ́ẹ̀tì pé aago 8 alẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n máa dé, mo sì pe ọmọ iṣẹ́ yín. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, àǹtí, aago Amẹ́ríkà ló yàtọ̀ sí tiwa." Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú oṣù Kìn-ín-ní, wákàtí 7 ni Houston fi wà lẹ́yìn wa. Tó bá jẹ́ wákàtí 13 ni lóòótọ́, aago 5 ìdájí ọ̀hún ni wọn ì bá dé.

Nígbà tí aago 7 alẹ́ tiwa lù, òfurufú ni màmá wà, láìsí oògùn. Wọ́n fi máa rí àpótí gbà, ó ti lé ní wákàtí 8. Ẹsẹ̀ wọn ti wú débi pé bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Àbúrò mi ló gbé bàtà náà lọ́wọ́ dé inú mọ́tò. A dúpẹ́ pé ara wọn ti yá báyìí.

Mi ò ní kí ẹ lé ọmọ iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀yin fúnra yín ni mo fẹ́ kí ẹ pe màmá, kí ẹ bẹ̀ wọ́n, kí ẹ sì dá owó iṣẹ́ tí ẹ gbà lọ́wọ́ mi padà. Oṣù Kẹrin ni wọ́n ń bọ̀. Kó tó dìgbà náà, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi: wákàtí tí wọ́n máa lò nínú bàálù, èyí tí wọ́n máa fi dúró ní Istanbul, àti àpapọ̀ rẹ̀. Ẹ rántí pé ní oṣù Kẹrin, wákàtí 6 ni Houston fi wà lẹ́yìn wa, kì í ṣe 7.

Mò ń retí èsì yín.

Oníbàárà yín ní Kubwa